Ẹ Má Tún Fi Bàálù Gbé Màmá Àgbà Lọ

Alphonse àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́. A yan ẹja púpọ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n èéfín tó bo abúlé báyìí kì í ṣe ti ẹja. Iná igbó ti dé òdìkejì odò, ó sì ti jó òpó tẹlifóònù, ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ yìí.

Lọ́túnla, bàálù ìjọba á wá kó àwọn arúgbó ṣáájú, bí ètò tí ẹ kọ ní ọ́fíìsì yín ṣe wí. Ṣó o rántí èṣí? Ọjọ́ mọ́kànlá ni Màmá àgbà fi wà ní òtẹ́ẹ̀lì ìlú tí bàálù gbé e lọ, láìsí ẹni tó gbọ́ Kírì, èdè wa. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Omi ló ń tọrọ.

Láàárọ̀ yìí, ó ń la ẹja lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Sọ fún Alphonse pé mi ò lọ. Erékùṣù tí ìyá mi kó wa sá sí nígbà tí iná igbó jó ní kékeré mi ṣì wà láàárín adágún. Àbí ìwé rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní, "Màmá, ètò ìjọba ni."

"Ta ló bi mí?"

Jọ̀ọ́, kọ erékùṣù náà sínú ètò yẹn lónìí. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà wà nílẹ̀. Bí o ò bá kọ ọ́, ọlọ́pàá ló máa gbé e wọ bàálù.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ṣùgbọ́n rántí pé Màmá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ débẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Philomene