Mo Ti Ka Ìka Ọwọ́ Rẹ, Mẹ́wàá Ni Wọ́n

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni yàrá tí o ń gbé, ṣé onílé yín ti tún fèrèsé yẹn ṣe? Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde lówùúrọ̀? Ara àwa le. Bàbá rẹ ń bẹ, ewúrẹ́ ń bẹ, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ti ń jò, a ti mọ ibi tí à ń gbé garawa sí. Ọlọ́run tó fi ìka mẹ́wàá sí ọ lọ́wọ́, tó sì jẹ́ kí n fi ojú ara mi kà wọ́n lánàá, kò ní jẹ́ kí ọ̀kan yẹ̀ níbẹ̀ láéláé. Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí ni mo fi lè jókòó kọ lẹ́tà. Ká ní ìjẹta ni, n kì bá mọ ibi tí mo gbé bírò sí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí fún ọ, kí o lè mọ ohun tí o ṣe fún mi. Nígbà tí o kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ sọ́séèjì, ìyẹn awọ tí wọ́n ń ki ẹran lílọ̀ sínú rẹ̀, èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ mi ń ṣe aṣọ fún ẹran, o ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ń lọ awọ màlúù kúnná, wọ́n á pò ó, wọ́n á fún un jáde ní gígùn gbọọrọ tí inú rẹ̀ ṣófo, atẹ́gùn á fẹ́ sínú rẹ̀, ìwọ á sì máa fi ọwọ́ fà á gba àárín àwọn irin róbótó tó ń yí, kí o tó gé e. Bí mo ṣe gbọ́ irin tó ń yí, tí mo tún gbọ́ gígé, mo gbé abọ́ oúnjẹ mi tì. Ìwọ náà mọ ìdí. O ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà tí bàbá rẹ ti ilé iṣẹ́ ìlagi bọ̀ pẹ̀lú ìka méje. Mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún wọn ló bá ayùn lọ, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń ki ọwọ́ yẹn bọ àpò, kódà nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ pé bí o bá ń kọ lẹ́tà sí mi, kí o máa gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìsàlẹ̀ ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi bírò yí wọn po, kí n lè kà wọ́n. Ọdún mẹ́fà lo ti ń ṣe é. Èmi kì í tilẹ̀ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń lọ.

Lẹ́tà tí o kọ gbẹ̀yìn wá dé lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣí i, mo lọ sí ìsàlẹ̀, kò sí ọwọ́. Mo yí i padà wo ẹ̀yìn, kò sí. Mo gbọn àpòòwé, bóyá ìwé mìíràn ṣì kù nínú rẹ̀, òfìfo ni. Lẹ́tà ọ̀hún gan-an kò jọ tìrẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, bí ìwé tí wọ́n fi ń pe èèyàn lọ sí kóòtù. Nígbà tí mo wá kà á, ohun tí mo rí ni pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun dé, pé ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ti gbé ọ kúrò nídìí irin lọ sí yàrá onígíláàsì, ìjókòó lo ń jókòó síbẹ̀, kí n má sì dààmú. Ọmọ mi, ta ni yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí kò ní dààmú? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ pé, kí ló ń tẹ lẹ́tà sí? Mo ní ta ni wọ́n ń gbé jókòó sínú gíláàsì bí kò ṣe aláìsàn? Mo ní ó ti parí, irin ti gba ọwọ́ ọmọ mi, ni àwọn ọ̀gá bá ra ẹ̀rọ fi dípò, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn bá a tẹ ìwé kí n má bàa fura.

Mo gbé lẹ́tà fún bàbá rẹ. Wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n ká a sínú àpò, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Èmi ní tèmi, mo dojú èpè kọ ẹ̀rọ yẹn. Èpè gidi ni o, irú èyí tí n kò ṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, ìyẹn náà lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní kí ọ̀fun rẹ̀ dí. Mo ní kí ojú rẹ̀ fọ́. Télọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ẹ̀rọ kì í gbọ́ èpè, mo ní kó bá mi dákẹ́, ṣé òun kì í bá ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ jà ni?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo rántí pé nígbà tí o lọ forúkọ sílẹ̀ ní báńkì wa níbí, wọ́n ní kí o fi ìka rẹ tẹ gíláàsì kékeré kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì ní àwọn ti fi wọ́n pamọ́. Mo ní kí ni mo wá ń sunkún sí? Mo gba báńkì lọ, mo tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn mí, mo sọ fún obìnrin tó wà níbẹ̀ pé n kò wá gba owó, n kò sì wá fi owó pamọ́, kó jọ̀ọ́ bá mi wo inú ẹ̀rọ rẹ̀ bóyá ìka ọmọ mi ṣì pé. Ó ní irú ìka wo? Mo ṣàlàyé. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní àwọn kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan fún ẹlòmíràn. Mo ní èmi ni mo bí àwọn ìka náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà níbí. Orí mi wú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Mo sọ fún bàbá rẹ pé báńkì ní ìka pé. Wọ́n ní ti ọdún wo? Wọ́n ní àwọn onílé iṣẹ́ ìlagi náà ní kí àwọn fi yíǹkì tẹ ìka mẹ́wàá sínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwọn síṣẹ́, ìwé yẹn ṣì pé títí dòní. Mo jókòó pẹ̀lẹ́. N kò tíì ronú débẹ̀.

O lè ní kí ló dé tí n kò pè ọ́. Fóònù mi ti kú, omi ló bọ́ sí, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá tiẹ̀ rí fóònù yá, tí o gbé e, kí ni o fi gbé e? Bàbá rẹ ló wọ bàtà láàárọ̀ àná, tí wọ́n ní kí a lọ sọ́dọ̀ atúnfóònù-ṣe tó wà níkòríta, ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé tirẹ̀ máa ń gbé ojú èèyàn jáde. Ojú rẹ sì jáde lóòótọ́. O rí i pé n kò kí ọ, mo ní gbé ọwọ́ sókè. O rẹ́rìn-ín, mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. O gbé ẹyọ kan, mo ní èkejì dà? Mo ti ń lọgun kí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sọ fún mi pé èkejì lo fi di fóònù mú. Nígbà tí o wá gbé fóònù ti ògiri, tí o na méjèèjì sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ka dé méje, ni àwòrán bá dúró gbagidi. Méje, ọmọ mi. N kò lè wo ojú bàbá rẹ. Ìgbà tó tún gbéra ni mo rí ẹ̀kẹjọ, ẹ̀kẹsàn-án, ẹ̀kẹwàá. Mo tún un kà láti òdìkejì. Bàbá rẹ náà ń kà, ẹnu wọn ń mì, lẹ́yìn náà wọ́n jáde lọ fun ikun.

Ẹ̀yìn ìyẹn lo tó yí fóònù, tí o fi iṣẹ́ hàn wá. O ní inú gíláàsì lo ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lo sì fi tẹ lẹ́tà, ni o kò fi rántí ya ọwọ́ sí i. Mo rí i pé awọ ń jáde fúnra rẹ̀, mo rí ojú ẹ̀rọ, èyí tí o pè ní kámẹ́rà, tó ń wá ibi tó bá lu lára awọ, n kò rí i kó ṣẹ́jú, ṣé kì í ta á ni? Mo rí ọ̀bẹ nínú àpótí tirẹ̀. O ní ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn àpótí yẹn, gbogbo nǹkan á dúró lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ ti padà wọlé nígbà yẹn, wọ́n ní kí o ṣí i. O ṣí i, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Wọ́n ní kí o tì í, kí o tún un ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí o ṣe é, o sì ṣe é láì bínú. Ọlọ́run á bù kún ọ. Inú mi tún dùn nígbà tí o ní àwọn méjì tí ẹ jọ ń fa awọ kò pàdánù iṣẹ́, pé ọ̀kan ti wà níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, èkejì sì ń kọ́ iṣẹ́ inú gíláàsì lọ́dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ lójú Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. O ní ẹnu ibi tí awọ ń gbà jáde dí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, odindi wákàtí méjì, tí àwọn ẹnjiníà tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ tí wọn ò rí ohun tó fà á. Ọmọ mi, èmi ni. Má jẹ́ kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo ti gba gbogbo rẹ̀ padà láàárọ̀ yìí, mo sì ti fi àdúrà rọ́pò, ti ojú náà kò sì ní ṣẹ. Bá mi kí i bí o bá wọlé lọ́la, sọ fún un pé ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n ni.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀ díẹ̀ lóṣù yìí, bá mi fi owó awò ojú ránṣẹ́, kí n má bàa ka ohun tí kò sí nínú lẹ́tà mọ́, kí o sì fi ti fóònù kún un, kékeré náà á tó. Má ṣe tẹ lẹ́tà sí mi mọ́. Bí àwọn ọ̀gá bá ní ẹ̀rọ ló yá jù, sọ fún wọn pé n kò kánjú. Bàbá rẹ sì ní kí o bá àwọn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn ọ̀bẹ yẹn, iye tí yóò gbà láti ṣe ọ̀kan sí ayùn. Ayùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà nídìí rẹ̀.

Mo fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé ni bàbá rẹ yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò, tí wọ́n gbé e lé ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n ní kí n fi bírò yí i po. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, èmi gan-an kò rí ọwọ́ yẹn ní gbangba báyìí rí. Mo rọra yí i po, ìlà náà wọ́ díẹ̀, má fi ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ní kí o gbé tìrẹ lé e lórí. Wọ́n ní ibi tí ìka tiwọn dúró sí, kí tìrẹ máa lọ níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò bá wa ṣọ́ ọ, ní ìjókòó àti ní ìdìde.

Èmi ìyá rẹ ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ bàbá rẹ ló wà nísàlẹ̀ yìí.