Àwọn Tó Jókòó ní Skorvenes

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá, 1963

Ó ti parí. Ìjọba ìbílẹ̀ Skorvenes máa wọ inú ti Hollavåg tó wà lódìkejì omi tọ́dún bá yí.

Gbogbo ìgbìmọ̀ pé sí ilé ẹ̀kọ́, kálukú pẹ̀lú ìtì igi kan lábẹ́ abíyá fún ààrò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayébáyé. Èmi ni mo ń bu kọfí. Eivind — àbúrò mi, alága, ẹni tí mo ń pè ní Àkùkọ — ní kí ẹni tó bá fẹ́ ká dara pọ̀ jókòó, kí ẹni tí kò bá fẹ́ dìde. Wọ́n ń dìde. Ẹyọ ẹnì kan ló kù, à bá borí. Torleiv ọkọ mi ni. Ó jókòó ti ààrò, ó dijú, àgbọ̀n rẹ̀ ti balẹ̀ sáyà.

Ó sùn. Ọlọ́run mi, ó sùn!

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ò bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Kì í ṣe lásán ni mo ń pè é ní Òkúta nínú ìwé yìí. Nínú gbogbo ilé tó wà létí ọ̀sà yìí, Bàbá ni ìyàwó ń pe ọkọ, Ìyá ni ọkọ ń pe ìyàwó. Àwa ti jáwọ́ níbẹ̀ láti ọdún tí a sin ọmọ wa kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó bá wa jókòó lórí àga wa. Mo ń ṣàlàyé káàkiri bí ẹni tó ń polówó: màlúù wa ló bímọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ mi ò fojú kan oorun, ó sì ti dàgbà. Gudveig tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí n máa fi ìrọ̀rí sínú àpò ọkọ mi tó bá ń lọ ìpàdé. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sunkún dé ilé.

Bàbá bàbá mi ló ṣáájú àwọn tó ya Skorvenes kúrò lára Hollavåg. Nígbà yẹn, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé òkú wa sọdá lọ sin síbẹ̀. Ó ní àwọn òkú náà yẹ lẹ́ni tí ń sùn nílé. Òun ló gbé ìtì igi àkọ́kọ́ wá sí ìpàdé àkọ́kọ́. Oorun ọkọ tèmi ló wá pa iná ọ̀hún. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, 30

Ẹnì kan gbé ìrọ̀rí sẹ́nu ọ̀nà wa. Òkúta gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ fún ológbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Eivind wá. Ó ti rí ọ̀nà àbáyọ: tí Torleiv bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ pé òun sùn, a lè kọ̀wé sí ìjọba lókè kí wọ́n jẹ́ ká tún ìbò náà dì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà sọ pé oorun ló gbé yín lọ. Kò sẹ́ni tó máa bínú.”

Torleiv mu kọfí rẹ̀ tán. Ó ní òun á wá.

Inú mi dùn débi pé mo ṣe lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, mo fi bọ́tà sí i, mo fi ṣúgà sí i.

Ọjọ́bọ̀, 7

Torleiv ń dúró létí omi, ó ń wo òdìkejì. Hollavåg ti ṣèlérí ọ̀nà mọ́tò lẹ́bàá àpáta títí dé ilé ìwòsàn. Skorvenes ò lówó ọ̀nà rí. Ọkọ̀ ojú omi la ń wọ̀, bí ojú ọjọ́ bá gbà. N kò fẹ́ ronú sí ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ilé ẹ̀kọ́ kún. Eivind sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wí tẹnu rẹ̀. Torleiv dìde, ó kọ́kọ́ fi ìtì igi rẹ̀ sínú ààrò.

“Mi ò sùn,” ló wí. “Mo dijú kí n má baà rí ojú yín. Ọ̀nà yẹn ni mo jókòó fún.”

Eivind bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ká máa fi í ṣẹ̀sín.

“Mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ ìdí ẹ̀. Orí itan mi ni Sigrun ọmọ wa wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ìjì dá wa padà. Ó ń bi mí pé ṣé a ti dé.”

Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn nílé wa. Inú bí mi sí i — mo ti fi màlúù purọ́ fún gbogbo ìlú nítorí rẹ̀! — n kò sì mọ̀ pé ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Kò sọ fún mi rí.

Eivind yíjú sí gbogbo wa. Ó ní kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ ká kọ̀wé sókè jókòó, kí ẹni tí kò bá fẹ́ dìde. Torleiv ti wà lórí ìdúró. Èmi náà wà lórí ìdúró, kẹ́tùlù lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí í ka ẹni tó ń bu kọfí mọ́ ìbò. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, n kò jókòó. Ọkọ Gudveig wò mí, ó dìde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Eivind kà wọ́n, àwọn tó dúró ló pọ̀ jù, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó wá gba kọfí lọ́wọ́ mi.

A rìn délé. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo ní, “Bàbá, ẹ bọ́ bàtà yín, yìnyín wà lára ẹ̀.”

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó bọ́ ọ̀kan.

“Mo ti gbọ́, Ìyá.”