Ọmọlanke Tí Bàbá Kọ̀

Ìlá Ọ̀ràngún,
Oṣù Kẹwàá, 1974.

Ẹ̀gbọ́n mi Sànúsí,

Àsàláàmù aléékúmù. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Jọ́ọ̀sì. Ìyá wa ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. A ti ń wa iṣu.

Bàbá ní n kò gbọdọ̀ sọ èyí fún yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣubú pẹ̀lú ẹrù iṣu ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, wọn kò sì lè yí ọrùn mọ́. Mo ní kí káfíńtà bá wa kan ọmọlanke, ó fi táyà mọ́tò àlòkù méjì sí i. Bàbá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ṣé mo ti wá di ọlọ́mọlanke inú ọjà ni?"

Lánàá, mo ti ọmọlanke náà tẹ̀lé wọn lọ sóko, síbẹ̀ wọ́n tún gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu karí. Mo dí ọ̀nà mọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ gbé e lé mi lórí, tàbí kí ẹ gbé e sínú ọmọlanke."

Wọ́n wò mí títí kí wọ́n tó sọ ẹrù náà kalẹ̀. Èmi ni mo ti ọmọlanke délé. Wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí, wọ́n sì ti sọ fún Ìyá pé àwọn yóò padà sóko lọ́la.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí wọn. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa ń gbọ́. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín fún wa. Bí Bàbá bá fẹ́ máa bínú sí mi, kí wọ́n máa bínú, kí wọ́n ṣáà wà láàyè.

Àbúrò yín,
Àmínátù.