Ìdánwò Àgbọ́yé Tí Wenqi Ṣe

                                        Ilé Ìyá Pang,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà,
                                        Ìlú Qinglin,
                                        Gansu.
                                        Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà.

Yulian, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ọ jà lórí pé ọbẹ̀ Dongguan tí ẹ wà yẹn kò ní ata? Bá mi kí wọn, kí o sọ fún wọn pé mo ń lọ ata sílẹ̀ dè wọ́n. Zhiyuan ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń sùn, àbí ìwé ti gba oorun lójú rẹ̀? O ní òjò kò jẹ́ kí aṣọ yín gbẹ. Níbí, òjò ti kọ̀ wá sílẹ̀. Ewé ọ̀dùnkún ń ká jọ lórí ebè, gbogbo ojú ọ̀nà kàn jẹ́ eruku.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé bébà ni mo mú, lásìkò tí èèyàn kàn lè tẹ fóònù kó sì rán ohùn. Ohùn ló sú mi, Yulian. Tí o bá kà á débì kan, wàá rí ìdí rẹ̀.

O béèrè ọkọ mi, bàbá Jianbo, o ní o kò gbúròó rẹ̀ láti ìgbà ọdún. Jọ̀wọ́ jókòó kí o tó ka èyí. Bàbá Jianbo ti ṣaláìsí. Láti oṣù kẹta ni, níbi afárá tí wọ́n ń kọ́ sáàárín òkè méjì ní Guizhou. Pákó tí wọ́n ń dúró lé ṣiṣẹ́ ló yẹ̀. Wọ́n ní kò jẹ ìrora, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo opó nìyẹn. Má bínú pé mi ò sọ fún ọ. Zhiyuan àti Wenqi ọmọbìnrin mi jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ọ̀rọ̀ má lọ bọ́ lẹ́nu ọmọ. Wenqi kò gbọdọ̀ mọ̀ ni. Ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwọ náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: ọmọ tó bá fẹ́ jókòó fún ìdánwò yẹn, a kì í túfọ̀ òkú fún un. Ọmọ Deng tó ń ta tófù, àfìgbà tó ṣe ìdánwò tán ló gbọ́ pé ìyá ìyá òun ti di ará ọ̀run, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n ṣe é níkà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Jianbo ló pè wá jọ ní abúlé. Wọ́n ní, "Òkú lè dúró dè wá. Ìjọba kò ní dúró dè wá." Wọ́n gbé àpótí eérú náà sí yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbàdo. A kò sun bébà tí a máa ń sun fún òkú, a kò wé aṣọ funfun ọ̀fọ̀. Mo padà sí yàrá tí mo háyà síbí nítorí Wenqi, mo po ìyẹ̀fun, mo gé núdù, mo sì bi í bóyá ó fẹ́ ẹyin sí i.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ a máa pè é ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, bí ọmọ bá dé láti kíláàsì àárọ̀. Èyí tó ṣòro nìyẹn. Ìwọ náà sì mọ Jianbo, ohùn òun àti ti bàbá rẹ̀ kò yàtọ̀. Èmi fúnra mi ti dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi rí, tí gbogbo ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lanzhou ni Jianbo wà, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe ní sọ́ọ̀bù kan. Mo pè é, mo sì sọ fún un pé òun ni yóò máa pe àbúrò rẹ̀ bíi bàbá.

Ó ní, "Màmá, ẹ ní kí n máa ṣe òkú?"

Mo ní, "Ohùn nìkan ni. Ohùn nìkan, títí ìdánwò á fi parí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ni àkọ́bí. Tí o kò bá lè ṣe bàbá fún àbúrò rẹ fún oṣù mélòó kan, kí lo fẹ́ ṣe fún un láyé yìí?"

Ó gbà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo fi síìmù bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí nọ́ńbà má baà yàtọ̀.

Wàyí o, o ní kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dán àwọn ọmọ wò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ti Zhiyuan lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gírámà, mo ti wá mọ̀ ọ́n tán báyìí. Ọ̀nà méjì tó wúwo jù ni àgbọ́yé àti àkàyé. Ti àkàyé kò ba Wenqi lẹ́rù rárá. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa ẹja tàbí nípa obìnrin kan tó ń gbin igi, wọ́n á wá béèrè ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, wọ́n á fi ìdáhùn mẹ́rin síwájú rẹ. Ìwé wà níwájú rẹ, o lè padà sẹ́yìn lọ wò ó. Ṣùgbọ́n àgbọ́yé, òun ló kọ́kọ́ ń wá, ohùn á sì kọjá lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé e sí wọn létí. Ibẹ̀ ni Wenqi ti ń rì.

Tíṣà Nie tó ń kọ́ wọn pe ìpàdé òbí. Ó ní, "Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n yé sáré tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń bi wọ́n ni pé: ta ló ń sọ̀rọ̀? Ibo ló wà? Kí ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn? Kí ló wà nínú rẹ̀ tí kò sọ jáde? Kí wọ́n gbọ́ èèyàn náà, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Bàbá kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà, ìyàwó mi ń ṣe ìdánwò yẹn fún mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá pẹ́ délé. Kì í pàdánù máàkì kan." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé. Tí a bá jẹun tán, Wenqi á tan ẹ̀rọ kékeré náà, èmi á di ìdáhùn mú, n óò máa fi pẹ́ńsùlù mààkì. Ó máa ń di ojú. Á ní, "Ilé ìfowópamọ́ ni ọkùnrin yìí wà. Inú ń bí i, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni." N óò wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Oṣù kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ sí í dára, tó sì ń dára sí i. Tíṣà Nie pè mí ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ó ní, "Etí ọmọ yín ti là." Mo tẹrí ba fún un, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Jianbo á pè. Á wú ikọ́ bí bàbá rẹ̀, á ní nẹ́tíwọ̀kì òkè kò dára. Wenqi kì í jẹ́ kó pẹ́. Á ní, "Bàbá, ẹ máa jẹun o. Màmá wà dáadáa, mo ń tọ́jú wọn. Ẹ má ronú." Èmi á wà nídìí ìkòkò, n óò kẹ́yìn sí i. Mo rò pé a ti rí i ṣe. Mo rò pé ọmọ ń dàgbà ni.

Nígbà tí ìdánwò dé, mo wọ aṣọ pupa. Gbogbo ìyá ló wọ̀ ọ́ lẹ́nu géètì, kí ọ̀nà ọmọ wọn lè là. Èmi tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ọ̀fọ̀ ọkọ mi kò tíì pé, mo wọ pupa láti ọrùn dé kókósẹ̀, mo gbé òdòdó súnfúláwà dání, mo sì dúró sáàárín wọn. Lọ́sàn-án tí wọ́n ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ìlú pa rọ́rọ́. Àwọn ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró lórí afárá. Onínúdù tó máa ń gbá ìyẹ̀fun mọ́ tábìlì dáwọ́ dúró. Fóònù ọkùnrin kan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyá kan sì sọ sí i létí pé, "Ìwọ, tó bá tún dún, àwa obìnrin ibí á pín ọ jẹ." Mo di ojú mi. Mo ń sọ nínú mi pé: wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Gbọ́ ọ, ọmọ mi.

Ó wà lára àwọn tó jáde kẹ́yìn. Mo na òdòdó sí i, kò gbà á. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, ẹ lọ bọ́ aṣọ pupa yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá ní abúlé."

Yulian, mo ju òdòdó náà sílẹ̀. A jókòó sórí kọ̀ńkéré etí gọ́tà. Ó ní láti ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ lòun ti mọ̀. Ohùn náà dára, ikọ́ náà pé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohùn, òun gbọ́ nǹkan kékeré tí wọ́n máa ń kọ́ sẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀bù, tó máa ń fọhùn tí èèyàn bá kọjá níwájú rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé." Ó ní, "Màmá, ta ló gbé ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀bù lọ sí orí afárá?" Ó mọ̀ pé Jianbo Ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó lè mú Ẹ̀gbọ́n òun ṣe irú rẹ̀ àfi ohun kan.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ò sọ. Tí mo bá sọ, ẹ̀yin á sunkún, Ẹ̀gbọ́n á sunkún, ìdánwò á sì tún dúró síbẹ̀ dè mí. Mo ti ń sunkún nílé ìgbẹ́ iléèwé, Màmá. Ó tó."

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìdánwò. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn, ọkùnrin kan pe ọmọbìnrin rẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun kò ní lè wálé fún ọdún, iṣẹ́ kò tíì parí. Wọ́n béèrè pé ibo ni ọkùnrin náà wà. Wenqi ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó tẹ́tí sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń tẹ́tí ṣáá, ó ń dúró de ẹnu ọ̀nà yẹn kó fọhùn. Nígbà tí yóò fi mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà, àwọn ọ̀rọ̀ gígùn ti kọjá lọ. Ó kàn ń kun àmì bó ṣe rí.

Èsì ti jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo máàkì àkàyé tán. Ti àgbọ́yé dà bíi ti ẹni tó sùn lọ. Kò dé ojú ìlà máàkì tí wọ́n fà fún ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó fẹ́ ní Lanzhou. Tíṣà Nie ní kó wá tún ọdún kan ṣe, kí a tètè fi orúkọ sílẹ̀. Wenqi kọ̀. Ó ní, "Màmá, mi ò ní jókòó máa gbọ́ ohùn ẹni tí mi ò mọ̀ mọ́."

A ti sin bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ṣì ń sọ pé ohun tó tọ́ la ṣe, pé etí ọmọ yẹn ló mú jù. Jianbo wá, ó ru àpótí náà dé orí òkè. Ó ti rù. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló ń fi ránṣẹ́ sí mi báyìí, kì í pè. Ọmọ tó máa ń kọrin níbi tó bá ti ń wẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó pe àbúrò rẹ̀, kó bá mi rọ̀ ọ́ kó padà sí kíláàsì. Ó pè lọ́jọ́ ìsinmi, ní àsìkò tó máa ń pè tẹ́lẹ̀. Wenqi gbé fóònù sórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Kò sọ̀rọ̀. Jianbo náà kò sọ̀rọ̀. A ń gbọ́ mímí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọ, èmi tí etí mi kò là: "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé." Ó tún pẹ́ díẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé."

Wenqi ní, "Ẹ̀gbọ́n, oníbàárà ti dé. Ẹ lọ dá wọn lóhùn." Ó pa fóònù.

Jọ̀wọ́ bá mi kí Zhiyuan, kó má jẹ́ kí ìwé pa òun. Kí baálé rẹ, kí ìyá ọkọ rẹ. Ìyá Pang tó ni ilé yìí ń kí ọ, wọ́n ní ìgbà wo lo máa wálé wá jẹ núdù gidi.

Ó ku ohun kan. Wenqi yóò pè ọ́. Ó ti ń bi Zhiyuan nípa ilé iṣẹ́ bàtà tí o wà, bóyá wọ́n ń gba èèyàn. Tí ó bá lọ síbẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní padà sídìí ìwé mọ́ láé. Wàá rí i pé mo pa gbólóhùn kan rẹ́ lókè yìí, tí tádàwà fi dú. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí o bá mi sọ fún un pé kò sí ààyè. Mo wò ó títí, mo pa á rẹ́. Tó bá pè, tí ààyè bá wà, sọ fún un pé ó wà. Tí kò bá sí, sọ pé kò sí. Má parọ́ kankan fún un nítorí tèmi, Yulian. Yóò gbọ́ ọ lóhùn rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà aṣọ iléèwé,

Xiufen, ìyá Jianbo àti Wenqi.