Yìnyín Wo Lo Ń Wí, Fàthíà?

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Adéfowópẹ́,
Ìsọlọ̀,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Fàthíà mi, Ìyá Ashraf,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Ashraf ń lọ sílé ìwé déédéé, ṣé ara bàbá rẹ̀ náà le? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Mo lọ kí Màámi ní Oṣòdì lọ́jọ́ Àìkú. Ara wọn le, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kí yín. Wọn ò mọ̀ pé ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí o ti gbé fóònù mi kẹ́yìn. Mi ò sọ fún wọn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìwé yìí, tí mo fi rán Tẹ́júọlá, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́bọ̀.

Jẹ́ kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí ibi tí mo ti ṣẹ̀ ọ́ àti ibi tí ìwọ náà ti dá kún un. O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ àbọ̀ ohun tí èèyàn bá rí nínú ọjà tuntun. Ilé iṣẹ́ òkè òkun kan ní ká yẹ síkì àwọn wò, pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Wọ́n ní kò sí òkè tí kò lè gùn, kò sí yìnyín tí kò bá mu. Èmi tó jẹ́ pé inú fìríìjì ni mo ti ń rí yìnyín, ta ni mo tún fẹ́ ké sí bí kò ṣe ìwọ tí ò ń gbé nílẹ̀ òtútù? Wọ́n fi síkì ránṣẹ́ sí ọ, o gbé e lọ sórí òkè ní ọjọ́ ìsinmi rẹ kan ṣoṣo, o sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko.

Ìyá Ashraf, ìgbà mẹ́tàlélógún lo pe yìnyín nínú ohùn yẹn. Mo kà á. O ní lórí yìnyín, ó rọra gbé ọ bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù. Kò pẹ́, o tún ní lórí yìnyín, ńṣe ló ń yọ̀ kiri, o fìdí jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. O ní láàárín igi, ó máa ń tètè yí. Nígbà tó dọ̀sán, o ní yìnyín ti bàjẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bí ògì. Báwo ni yìnyín ṣe ń bàjẹ́? Mo bá mú èyí tí o fi ìbínú sọ, mo kọ ọ́ pé síkì náà kì í dúró lórí yìnyín rárá.

Ni wọ́n bá dá àbọ̀ mi padà. Wọ́n ní lórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, tó fúyẹ́ bí èlùbọ́, síkì àwọn dáa gan-an; lórí èyí tó dì gbagidi bí gíláàsì, síkì wo ni kì í yọ̀? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tiẹ̀ lédè wọn. Lédè tiwa, èyí tó ń bá òjò bọ́, yìnyín ni. Èyí tí Ìyá Olúwatóbi ń tà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, yìnyín náà ni.

Ọ̀gá mi, Ẹ̀gbọ́n Olúyínká, ní bí àwọn oníbàárà yìí bá lọ, èmi náà á bá wọn lọ. Ìgbà yẹn ni mo kọ ọ́ sí ọ pé onírọ́ ni ọ́, pé o ò dé orí òkè kankan. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Àmọ́ ìwọ náà, ọdún mẹ́fà lo ti wà nínú nǹkan yìí, o ò wá lè là á yé mi pé èyí rí báyìí, ìyẹn rí bẹ́ẹ̀? Ó sú mi jàre.

Lánàá, mo tún ohùn náà gbọ́. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, mo gbọ́ ibi tí o ti ń mí gúlegúle, tí o ní ara ń ro ọ́, ṣùgbọ́n o máa tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Mardiyah, èmi yìí, má bàa sọ pé o ò gbìyànjú. Mi ò gbọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yìnyín ni mò ń kà.

Ọ̀gá ti bá mi kọ àbọ̀ mìíràn, pé kò sí yìnyín tí síkì náà ò dáa fún, kí n ṣáà fọwọ́ sí i. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo kọ̀wé sí àwọn oníbàárà fúnra mi pé òótọ́ ni ẹni tó gun síkì yín sọ, àti ibi tó ti dùn mọ́ ọn àti ibi tó ti gbé e ṣubú. Èmi tí mo gbọ́ ni mi ò béèrè. Mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Wọn ò tíì fèsì, Ọ̀gá ò sì tíì mọ̀.

Bá mi kí Ashraf àti bàbá rẹ̀. Fàthíà, gbé fóònù ẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ yá ju etí lọ,
Mardiyah.