Obìnrin Tó Ń Yọjú Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Yín

Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ Ẹtì.

Olúwagbénga ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àjáh? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Omi tó yí yín ká níbẹ̀ kò ní wọlé bá yín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ara tiwa náà le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mi ò lè pè ọ́ lórí fóònù, nítorí pálọ̀ ni bàbá yín ń jókòó sí látàárọ̀, etí rẹ̀ sì ṣì mú, ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Fàdìlàt, ọmọ Ìyá Mardiyah aládùúgbò wa, tó ń ṣiṣẹ́ lápá ọ̀dọ̀ yín.

Gbénga, bàbá yín ti ní obìnrin. Inú kọ̀ǹpútà tí ìwọ fúnra rẹ rà fún un ló ń gbé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, bá wa wálé kí òun àti bàbá yín lè jọ wo wàásù nínú kọ̀ǹpútà náà. Wọn ò tíì bọ́ sùtánà lọ́rùn tí obìnrin kan fi yọ lójijì sí iwájú oníwàásù, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé Happiness lòun ń jẹ́, pé òun nìkan lòun wà, ìtòsí ibí lòun sì ń gbé. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ló kà á sókè kí ó tó mọ ohun tó ń kà. Ẹnu yà mí, mi ò lè pa á dé. Alàgbà gbé Bíbélì rẹ̀, ó ní òun ń kánjú, kò tiẹ̀ mu omi tí mo gbé fún un. Bàbá yín búra pé òun ò mọ obìnrin náà rí. Mo bi í pé ta ló wá júwe ilé wa fún un. Láti ìgbà náà títí di àná mi ò dáná fún un, búrẹ́dì ló ń rà jẹ.

Lọ́jọ́ Ajé tó lọ gé irun, tí mo ráyè pè ọ́, ojú tì mí láti sọ gbogbo rẹ̀, mo kàn ní nǹkan kan ń yọ sójú kọ̀ǹpútà. O ní fèrèsé ló ń ṣí, kí n máa tì í. Ọmọ mi, mo ti ti pálọ̀, mo ti ti yàrá, mo ti ti ilé ìdáná, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, obìnrin yìí ṣì ń wọlé. Ó tún wá ń kó ẹgbẹ́ dání, ọ̀kan ń ta oògùn ikùn ńlá, ọ̀kan ní a ti jẹ mọ́tò. O ní kí n pa kọ̀ǹpútà náà kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ń dúró dè mí níbẹ̀.

Kí wọ́n tó wọlé, ìwé kékeré kan a máa kọ́kọ́ yọ, a bi mí bóyá Allow ni tàbí Block. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé Allow ni pé kí á gba àlejò láàyè, ìwọ náà sì mọ̀ pé a kì í lé àlejò lẹ́nu ọ̀nà nílé wa, Allow ni mo ń tẹ̀. Block ni mi ò fọwọ́ kàn, torí ta ló fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù nírú àsìkò yìí. Mo rò pé àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ọ̀nà Ìgàndó ló ń fi kọ̀ǹpútà polówó ọjà wọn ni.

Ṣùgbọ́n lánàá tí Happiness tún yọ, inú bí mi gidigidi, mo wo ẹ̀yìnkùlé wa tí kò ní fẹ́ǹsì, tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, mo ní ibí yìí náà ló ń gbà wọlé. Ni mo bá tẹ Block. Gbogbo ìgbà tó tún bi mí, Block ni mo ń tẹ̀. Gbénga, gbogbo wọn lọ pátá. Wàásù bẹ̀rẹ̀, wàásù parí, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Happiness ti gbọ́ pé a fẹ́ mọ fẹ́ǹsì. Mo gúnyán fún bàbá yín lálẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí àlejò, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Búlọ́ọ̀kù tí mo tẹ̀ yìí pọ̀ o, mi ò mọ iye ọkọ̀ tí yóò gbé e wá. Jọ̀wọ́ tètè fi owó ránṣẹ́, ti búlọ́ọ̀kù, ti sìmẹ́ǹtì, ti yanrìn àti ti bíríkìlà, kí wọ́n má baà kó ẹrù wọn padà, kí obìnrin yẹn wá gbọ́ pé a ò rówó mọ fẹ́ǹsì mọ́. Má fi falẹ̀, bàbá kan ṣoṣo lo ní.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àjèjì yọjú nínú ilé tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Cecilia Akínlẹ́yẹ.