Abẹ́rẹ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ò Fẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òtútù Jọ́ọ̀sì yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Angwan Rogo ni mò ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi. Ojú abẹ náà kẹ̀, ó ń rùn, ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dùbúlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń fọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Kò ràn án, àmọ́ ìfẹ́ ni.

Mo tún ti lóyún báyìí, iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n á tún fi gbẹ̀bí mi. Dókítà ní àwọn máa fún mi lábẹ́rẹ́ kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ojú abẹ má baà kẹ̀ rárá. Ìyá fárígá.

"Haba! Ara ẹ le, abẹ́rẹ́ kí ni? Tó bá kẹ̀, a ó tọ́jú ẹ̀."

Wọ́n ti ra kápúsù kún agolo mílíìkì dè mí.

Mi ò fẹ́ kó kẹ̀! Mo ti gbóòórùn ara mi rí. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà, màá gba abẹ́rẹ́ náà, kò sẹ́ni tó máa yí mi lọ́kàn padà. Àmọ́ ẹnu mi ò gbà á láti wí fún ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ fọ egbò mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Ìyá kì í fi ètò yìí ṣeré. Wọ́n á ti jókòó ti rédíò báyìí, èmi náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni. Ẹ bá mi da kápúsù yẹn nù.